Àyè Ìlà Kìíní

Ẹni tó bá ń wá alágídí kì í rìn jìnnà ní Akíntẹ̀dó. Ìyá Àgbà Ọmọ́yẹlé wà níbẹ̀, Akínbọ̀dé ọmọ rẹ̀ sì ti jogún orí kunkun lọ́dọ̀ rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí Moríkẹ́, ọmọ Akínbọ̀dé, parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Pólì tó sì padà sílé, alágídí kẹta bá a wọ̀lú. Inú kọ̀ǹpútà àgbéletan ni ìyẹn ń gbé, kọ̀ǹpáílà lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá kọ ètò ní èdè C, òun ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kí ó tó sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Bí àmì kékeré kan bá sọnù nínú rẹ̀, kò ní gbà á. Ẹ bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní gbà á. Moríkẹ́ ti sunkún níwájú rẹ̀ rí nílé ìwé, ó kàn ń wò ó ni.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ló gbé ọmọbìnrin náà dé ìdí kọ̀ǹpútà létí òkun. Abúlé apẹja ni Akíntẹ̀dó, kò jìnnà sí Abẹ́rẹ́kẹ̀. Ìlà-ìlà ni wọ́n kọ́ àwọn ilé pákó rẹ̀, gbogbo wọn sì dúró lórí òpó. Láyé àtijọ́, Ìlà Kìíní ló kọjú sí òkun, Ìlà Karùn-ún ló wà lẹ́yìn pátápátá níbi ẹrẹ̀. Òkun ti jẹ Ìlà Kìíní. Ó mú ilé kan lọ́dún yìí, ó mú méjì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, títí tí kò fi ku òpó kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ló ń gba ojú ibẹ̀ kọjá báyìí, téèyàn bá sì dúró létí ibi tó kù nínú abúlé, kò ní rí nǹkan kan níwájú ju omi lọ, àti iná epo tó ń jó lójú agbami lọ́sàn-án lóru.

Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò pe Ìlà Kejì ní Kìíní. Kejì ni Kejì ń jẹ́, Kẹta ni Kẹta ń jẹ́. Ìlà Kìíní nìkan ni wọn kì í dárúkọ mọ́, nítorí ó ń dùn wọ́n.

Ìlà Kìíní yìí ni wọ́n ti bí Ìyá Àgbà, Ìlà Kejì ló sì fẹ́ ọkọ sí. Ní báyìí Ìlà Kejì ti di iwájú. Bí òjò bá ń rọ̀ tí òkun sì ń bínú, omi á máa bu abẹ́ pákó ilé rẹ̀ jẹ, ibùsùn á sì máa mì. Akínbọ̀dé ti kọ́ ilé bíríkì sí Ìgbókọ̀dà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ti kun yàrá kan fún ìyá rẹ̀, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì sí i. Ìyá ní òun kò lọ. Ọmọ ní ẹ ó lọ. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, àwọn ará àdúgbò ti wá mọ̀ ọ́n bí orin.

Moríkẹ́ kò fẹ́ kí ìyá náà lọ. Lórí ẹní ìyá àgbà yìí ló dàgbà sí, ó sì mọ̀ dájú pé bí wọ́n bá gbé e dé Ìgbókọ̀dà, yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa wo ọkọ̀ akẹ́rù, àárò yóò sì pa á. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun lè ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí omi tó dé ilé.

Akínbọ̀dé rẹ́rìn-ín. "Bó bá ṣiṣẹ́, kí ìyá mi dúró. N kò ní dá ọ̀rọ̀ Ìgbókọ̀dà sílẹ̀ mọ́. Bó bá dójú tì ọ́ lọ́jọ́ tí a bá dán an wò, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́ ni n ó tú ilé yẹn ní pákó-pákó, n ó sì gbé Iye sínú ọkọ̀." Iye ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀. Ìyá Àgbà tó jókòó tó ń ṣa edé gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun gbà, ó ní òun kò rí ẹni tó lè gbé òun sínú ọkọ̀ o, ṣùgbọ́n òun gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Táyé káfíńtà, tó ti bá àwọn ọkọ̀ ilé iṣẹ́ epo fa wáyà rí, ló gba ti wáyà. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó kan irin kan tó ń mọ omi lára mọ́ òpó, ó sì fa wáyà rẹ̀ wá sínú àpótí kan tó wà ní gbọ̀ngàn abúlé. Ihò-ihò ló wà lára àpótí náà. Moríkẹ́ ti sọ fún un pé kí ó ki wáyà ìlà kọ̀ọ̀kan bọ ihò tirẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Orí òrùlé gbọ̀ngàn ni sípíkà wà. Bí omi bá kan irin, ẹ̀rọ á pe ìlà náà lórúkọ, á ní kí wọ́n kó ẹrù wọn.

Kọ́lájọ, tíṣà kọ̀ǹpútà tí ìjọba gbé wá láti Ìwó, ló ń bá Moríkẹ́ yẹ ètò náà wò. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù omi. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ló ń wọ̀ lọ sílé ìwé lórí afárá pákó, àwọn ọmọdé á sì máa kí i ní "Tíṣà, ẹ kú ewu."

"Wò ó," ni Moríkẹ́ wí fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "ètò yìí kò ju bí a ṣe ń di edé lọ. Abúlé ni agbọ̀n ńlá. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ agbọ̀n kan nínú rẹ̀. Nínú agbọ̀n ìlà, orúkọ ìlà wà, agbọ̀n kékeré méjì sì tún wà: ọ̀kan fún irin omi, pé ihò wo ló wà, pé omi gbọ́dọ̀ ga tó báwo, èkejì fún sípíkà, pé ohùn wo ni kó sọ, pé kó pariwo pẹ́ tó báwo."

"Ó yé mi. Kí ló wá dé tí kọ̀ǹpáílà fi ń pariwo?"

Ó ń pariwo lóòótọ́. Ó ní Moríkẹ́ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sí ibi tí nọ́ńbà yẹ kó wà. Moríkẹ́ wo ìlà ètò náà títí ojú fi ń ta á. Orúkọ ló fi sí àyè orúkọ, nọ́ńbà ló fi sí àyè nọ́ńbà, àbí kí ló tún kù? Kọ́lájọ ló kọ́kọ́ rí i pé ọmọbìnrin náà kò fi àmì yí agbọ̀n kékeré kankan ká. Nínú èdè C, àmì méjì kan wà tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ọ̀kan ń ṣí agbọ̀n, èkejì ń pa á dé. Moríkẹ́ kànlẹ̀ da gbogbo nǹkan sínú agbọ̀n ńlá ní títẹ̀léra, ó gbà pé kálukú á mọ àyè rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní Ìlà Kẹta, ó gbàgbé láti kọ bí ariwo yóò ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí àyè yẹn ṣófo, orúkọ Ìlà Kẹrin sún síwájú, ó lọ jókòó síbẹ̀, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ṣí kúrò ní ipò.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń kìlọ̀ fún ọ," ni Kọ́lájọ wí. "Wo òkè níbí. Ó ní agbọ̀n inú kò ní ìdérí."

"Ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe àṣìṣe. Mo fò ó."

"Ẹ̀yin ọmọ etí òkun, ẹ kì í ka ìkìlọ̀ sí. Ẹ̀yin náà lẹ sì ń fi ẹ̀wù mi rẹ́rìn-ín."

Moríkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ìwọ̀ yí agbọ̀n kékeré kọ̀ọ̀kan ká, ó fi èyí tó gbàgbé sí i. Kọ̀ǹpáílà dákẹ́. Bí kọ̀ǹpáílà bá dákẹ́, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn nìyẹn, kì í kí èèyàn kú iṣẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Gbogbo abúlé jáde, nítorí kò sí ohun tó dùn ún wò tó ọ̀rọ̀ ilé onílé. Moríkẹ́ tan ẹ̀rọ. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ó máa ń kọ́kọ́ pe gbogbo ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ̀ pé sípíkà ń ṣiṣẹ́, ohùn Moríkẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì gbà sínú rẹ̀. "Ìlà Kejì. Ìlà Kẹta. Ìlà Kẹrin. Ìlà Karùn-ún." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kọ́lájọ fi ẹ̀wù rẹ̀ sọ́rùn, ó gbé garawa omi òkun, ó dà á sára irin tó wà lábẹ́ ilé Ìyá Àgbà ní Ìlà Kejì.

Sípíkà han. "Ìlà Kẹta, omi ti dé. Ẹ kó ẹrù yín."

Wọ́n ti sọ fún gbogbo ayé pé ìdánwò ni. Síbẹ̀ Mabel tó ń yan ẹja ní Ìlà Kẹta ti gbé àtẹ ẹja gbígbóná karí, ó ń sáré lọ sí Ìlà Karùn-ún, ewúrẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà sì bá a gbá yàà. Àwọn ará Ìlà Kejì tí omi ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ilé wọn dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Ẹ̀rín pa abúlé. Àwọn àgbà ọkùnrin di òpó mú kí wọ́n má bàa ṣubú sínú omi.

Akínbọ̀dé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sún mọ́ ọmọ rẹ̀. "Omi ti dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, Ìlà Kẹta ni ẹ̀rọ rẹ ní kó sá. Bó bá jẹ́ òkun gan-an ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Moríkẹ́ wọra, nítorí òótọ́ ni. Ojú tì í, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Kọ́lájọ ló bá a bẹ̀bẹ̀, pé ọ̀la ni Akínbọ̀dé sọ pé òun ó tú ilé, kó jẹ́ kí wọ́n tún un dán wò kí omi tó kún lọ́la. Akínbọ̀dé ní kò burú, ṣùgbọ́n òun ó mú òòlù dání wá.

Moríkẹ́ padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí kọ̀ǹpáílà tún gbogbo ètò náà yẹ̀ wò, kò rí àléébù kankan. Agbọ̀n pé, ìwọ̀ pé, nọ́ńbà wà láyè nọ́ńbà. Ó bá dìde, ó lọ ṣí àpótí inú gbọ̀ngàn, ó ń ka wáyà. Ìlà Kejì wà ní ihò kejì, Ìlà Kẹta wà ní ihò kẹta, bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ìkarùn-ún. Moríkẹ́ ní tirẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ètò pé Ìlà Kejì wà ní ihò kìíní, torí pé ìlà yìí ni àkọ́kọ́ nínú àwọn tó kù. Ó ránṣẹ́ pe Táyé.

"Táyé, ihò kìíní ṣófo."

"Kò ṣófo," ni káfíńtà náà dáhùn. "Ti Ìlà Kìíní ni."

"Ìlà Kìíní wà nínú òkun."

"Mo mọ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ mi bí a ṣe ń di òòlù mú. Ṣé kí n wá ki wáyà Kejì bọ ihò Kìíní ni? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kó wá ṣe é. Ọwọ́ tèmi kò gbé e."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Moríkẹ́, ṣùgbọ́n kò rín in. Òun náà ọmọ Akíntẹ̀dó ni, ó yẹ kó ti mọ̀. Kò sí káfíńtà abúlé yẹn tí ì bá ṣe é lọ́nà mìíràn, kọ̀ǹpáílà kò sì lè rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, torí kò dé Akíntẹ̀dó rí.

Kọ́lájọ ní kò le. "Yí nọ́ńbà ihò padà, fi ení kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó parí." Òótọ́ ló sọ. Moríkẹ́ jókòó sínú ilé Ìyá Àgbà kó lè ṣe é, ìyá náà sì gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja ka iwájú rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Kí lo wá ń ṣe sí i, ọma mi?"

Moríkẹ́ fi agbọ̀n ṣàlàyé fún un bó ṣe ṣàlàyé fún tíṣà. Ìyá Àgbà tó ti di edé láti kékeré kò ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kàn béèrè pé agbọ̀n Ìlà Kìíní dà.

"N kò ṣe é, Iye. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi sínú rẹ̀. Kò ní irin, kò ní ilé."

Ìyá náà wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. "Bàbá rẹ rò pé agídí ló mú mi jókòó síbí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí àwọ̀n bá ti gúnlẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á pe ìlà-ìlà kí wọ́n tó pín ẹja. Ìlà Kìíní ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè. Inú mi á dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí mo bá kúrò níhìn-ín, òkun á gba ulí mi, ilé tí a wà nínú rẹ̀ yìí, wọ́n á sì gbàgbé Kejì náà. Wọ́n á máa pe Kẹta ṣáájú, bíi pé a kò gbé ayé. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Omi kọ́ ni mò ń bá jà."

Moríkẹ́ fọwọ́, ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó kọ́kọ́ fi ení kún nọ́ńbà ihò kọ̀ọ̀kan, bí Kọ́lájọ ṣe wí.

Lẹ́yìn náà ó ṣí agbọ̀n tuntun síwájú gbogbo àwọn yòókù, ó kọ orúkọ Ìlà Kìíní sí i, ó sì fi agbọ̀n kékeré méjèèjì sílẹ̀ lófo, ìwọ̀ tó ń ṣí àti ìwọ̀ tó ń pa dé nìkan. Kọ̀ǹpáílà kọ̀. Ó ní òun ń retí nǹkan kan kí wọ́n tó pa á dé, òun kò gba agbọ̀n òfìfo. Ó tún fẹjọ́ mìíràn sùn: agbọ̀n mẹ́rin lo sọ pé o ní, márùn-ún lo kó wá. Moríkẹ́ kọ́kọ́ yí mẹ́rin sí márùn-ún. Lẹ́yìn náà ó fi òdo sínú agbọ̀n kékeré kọ̀ọ̀kan. Òdo kì í ṣe irin, kì í ṣe ilé, ṣùgbọ́n nǹkan ni lójú kọ̀ǹpáílà, ó di àyè náà mú kí ẹlòmíràn má bàa sún sí i. Kọ̀ǹpáílà dákẹ́.

Ó ku ohùn. Moríkẹ́ gbé fóònù sẹ́nu láti gba ti Ìlà Kìíní. Kò lè sọ pé omi ti dé, torí omi ti dé tipẹ́. Orúkọ náà nìkan ló sọ.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo abúlé tún pé. Mabel ti gbé ẹja rẹ̀ karí kí ẹ̀rọ tó fọhùn, ó ní ẹnì kan kò ní mú òun sáré mọ́, bí òun bá máa sá, òun á rìn lọ ni. Akínbọ̀dé mú òòlù dání lóòótọ́. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó fi gèlè tuntun wé orí. Moríkẹ́ tan ẹ̀rọ.

"Ìlà Kìíní," ni sípíkà wí.

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn gbẹ. Wọ́n bojú wo òkun, wọ́n bojú wo ara wọn. Ẹ̀rọ náà dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń dúró láàárín orúkọ kan sí èkejì. Táyé tó wà lórí àkàbà ló kọ́kọ́ fọhùn. "A wà," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì já geere. Ọkùnrin kan ní Ìlà Kẹrin ní a wà. Mabel tó ti gbàgbé ẹja rẹ̀ ní a wà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Wọ́n ń jẹ́ ẹ níhìn-ín lọ́hùn-ún, láti gbogbo ìlà tí òkun fọ́n wọn ká sí. Nígbà tí gbogbo wọn jẹ́ ẹ tán, Ìyá Àgbà jẹ́ tirẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀rọ ka àwọn yòókù tán. Kọ́lájọ da omi sára irin Ìlà Kejì. "Ìlà Kejì, omi ti dé. Ẹ kó ẹrù yín." Ó da omi sí Kẹta, ẹ̀rọ pe Kẹta. Ó da omi sí Karùn-ún, ẹ̀rọ pe Karùn-ún. Kò ṣì í rárá. Ariwo ayọ̀ sọ. Akínbọ̀dé gbé òòlù sílẹ̀ sórí pákó, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́bàá àga ìyá rẹ̀.

"Iye, mo gbà. Ẹ̀rọ ọmọ yín borí. Ẹ dúró sínú ilé yín."

"Ta ló fẹ́ dúró?" ni Ìyá Àgbà bi í. "Àbí ìwọ kò rí i pé omi ń mi bẹ́ẹ̀dì mi ni? Mú òòlù rẹ. Tú ulí náà, kí ẹ lọ kọ́ ọ sí Ìlà Karùn-ún, níbi tí n ó ti sùn."

Akínbọ̀dé la ẹnu sílẹ̀. "Ìlà Karùn-ún kẹ̀? Ìgbókọ̀dà tí mo kun yàrá sí ńkọ́?"

"Mo tẹ́tí dáadáa," ni ìyá náà wí. "Ẹ̀rọ kò pe Ìgbókọ̀dà."

Ẹ̀rín tún pa abúlé, ti Akínbọ̀dé gan-an ló pọ̀ jù. Ìyá Àgbà yíjú sí Moríkẹ́, ó fà á lọ́wọ́ sún mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí òkun bá wá mú Ìlà Kejì náà lọ, kí lo máa fi sínú agbọ̀n rẹ̀?"

"Òdo ni, Iye. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀, a ó sì máa pè é kí a tó pe Kẹta."

Ìyá náà mi orí pé ó dáa, ó dìde kúrò lórí àga, ó gbé àga náà fúnra rẹ̀, ó ń lọ sí Ìlà Karùn-ún lórí afárá pákó. Táyé gbé àkàbà ti ilé náà, ó yọ ìṣó àkọ́kọ́.